Ewì Tí Mo Fi Ẹnu Gbé Lọ sí Savalou

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òjò kò wọ́n ní Bantè, ìlú wa, oúnjẹ ni ó wọ́n. Iṣu àtijọ́ ti tán nínú àká, tuntun sì wà nínú ilẹ̀, kò tíì tó wà. Bí mo bá di ojú mi báyìí, ìró agboolé wa láàárọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́: ìgbálẹ̀ ìyá mi lórí ilẹ̀ tútù, àwọn ẹyẹlé lórí òrùlé koríko, àti ọlọ Ìyá Àgbà tó ń lọ kóró ẹmi. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Òun ló ń ṣe òrí tí gbogbo àdúgbò wa fi ń pa ara, tí wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀. Bí òjò bá ti dá, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì á gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sábẹ́ àwọn igi ẹmi tó wà lẹ́yìn ilé, a ó ṣa èyí tó já sílẹ̀, a ó jẹ ara rẹ̀ títí ẹnu wa á fi máa lẹ̀, a ó sì kó kóró lọ fún un. Kì í ṣiṣẹ́ kó dákẹ́. Bó bá ń po òrí nínú ìkòkò, á máa ki í bí ẹni ń ki ọba: “Òrí ọmọ ẹmi, a lọ̀ ọ́, o kò sunkún, a sè ọ́, o kò bínú, otútù dé, o funfun bí eyín wúńdíá.” Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá àgbà ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo dé ilé àwọn ẹlòmíràn, ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé òrí lásán ni wọ́n ń po.

Bàbá mi jọ ìyá rẹ̀. Àkànní ni ìyá náà ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo Bantè ń pè é. Àgbẹ̀ ni, kò ga, kò sì lágbára ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró, tí wọ́n ń ro oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wà níwájú. Wọ́n ní bí Àkànní bá wà níwájú, poro kì í gùn. Bó ṣe ń sọ ọkọ́ sílẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Á ki ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára, á bú ẹni tó ń fa ẹsẹ̀, ẹni tí wọ́n bú náà á sì máa rẹ́rìn-ín, á tún máa yára. Mo ti gbé omi lọ fún wọn lóko lọ́pọ̀ ìgbà. Mo rí i pé oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n pẹ̀lú àwọn tó ń ro oko kejì ní ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tiwa ló máa ń kọ́kọ́ délé, tí ojú wọn sì máa ń dán.

Oko iṣu wa wà lápá ọ̀nà Agoua, nítòsí igbó ìjọba. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ro koríko láàárín ebè ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọkọ́ bá òkúta, ó yọ̀, ó sì bù ú ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Ó fi ewé dì í, ó parí poro tó ń ro, ó rìn wálé. Ohun tó ṣe yẹn ni ìyá mi kò gbàgbé títí ó fi kú: “Ó parí poro.” Wọ́n fi òrí gbígbóná sí i, wọ́n fi ewé gígún sí i, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ẹsẹ̀ náà ti wú dé agbedeméjì ojúgun, ó sì ti ń rùn débi pé àwọn àbúrò mi kò fẹ́ wọ yàrá mọ́. Olùkọ́ wa ní lékọ́ọ̀lì àwọn fadá ló wá rí i, tó sì sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n má fi ewé kankan kún un mọ́, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Savalou. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gàrí lọ, wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín àwọn àpò. Ìyá mi bá a lọ, ó pọn àbúrò wa ìkẹyìn sẹ́yìn. Ìyá Àgbà kò lè lọ ní tirẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò gba jíjókòó nínú ọkọ̀. Ó dúró létí ọ̀nà títí eruku ọkọ̀ fi tán lójú wa, ó wá ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ lọ kóró.”

Ìsinmi gígùn ni lékọ́ọ̀lì wà nígbà náà, èmi sì ni àkọ́bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá. Èmi ni wọ́n yàn láti máa gbé oúnjẹ lọ fún àwọn òbí mi. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Savalou, Ìyá Gouka, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣòwò èlùbọ́ àti gàrí, á mú mi sínú ọkọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mi: èlùbọ́ díẹ̀, ìrù, òrí nínú ewé, nígbà míì wàrà lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní. Ilé tí ìyá mi wọ̀ sí ni ilé Bàbá Ràfíù, télọ̀ kan, Mùsùlùmí tó wá láti apá Nàìjíríà. Kò bá wa tan rárá. Aṣọ lékọ́ọ̀lì mi ló ti rán nígbà kan, ó sì ní ẹni tí òun bá ti wọn aṣọ fún ti di ọmọ òun. Bí mo bá ń sọ èdè Ìṣà tiwa, á dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, á ní, “Tún un sọ, ọmọ mi. Èdè yín dà bí Yorùbá tó ń sáré kí òjò má pa á.” Ìyàwó rẹ̀ á sì ní kó fi mí sílẹ̀ kí n jẹun ná.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ilé ìwòsàn, n kò dá bàbá mi mọ̀. Ó ti rù, ó sì kọjú sí ògiri. Yàrá gígùn ni, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àwọn Máhì, àwọn onílẹ̀ Savalou, ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tiwa ni bàbá arúgbó kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dàá, bí àwọn Máhì ṣe máa ń pe àgbà wọn. Dàá gbọ́ èdè wa dáadáa nítorí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ará Bantè. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Ó dáhùn bí ẹni tó wà lókèèrè. Ìyá mi bu oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ọkùnrin gíga kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sọ ohun tí dókítà wí fún ìyá mi lójú mi: wọn ní láti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, kí oró inú rẹ̀ má bàa gòkè. Kò gbọdọ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ní gé e tí ẹni tó ni ín kò bá gbà.

Bàbá mi kò kúrò ní ibi tó kọjú sí. Ó ní, “Àgbẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan, kí ni yóò máa ṣe lóko? Igi wo ló ń fi ẹsẹ̀ kan rìn? Ẹ jẹ́ kí n kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì tí ìyá mi fi bí mi.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?” ni ìyá mi wí.

Ó fa aṣọ bo orí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà sí Bantè bí mo ṣe gbọ́ ọ gan-an. Ọmọ ni mí, n kò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn dín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kù fún ìyá ẹni tó sọ ọ́. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu òrí kúrò lápá, ó sì wọ yàrá lọ. Ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, ó lọ kóró láìsọ ohunkóhun, ilé sì dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn àbúrò mi ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí n jókòó.

“Kí ni wọ́n ń kọ́ yín sórí ní lékọ́ọ̀lì yẹn?”

Mo ka rèsìtásíọ̀n kan fún un, ewì Faransé nípa yìnyín tó ń bọ́ sórí òrùlé, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ojú rí rí.

“Ṣé ó yé ọ?”

“Rárá, Ìyá Àgbà.”

“Ẹnu tó lè gbé ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kò lè wúwo fún un láti gbé tèmi. Máa wí i tẹ̀lé mi.”

Bó ṣe kọ́ mi nìyí. Ó tó ìgbà ogún tí mo wí i lọ́jọ́ náà. Mo wí i lọ́dọ̀ odò, mo wí i nídìí ààrò, àwọn àbúrò mi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí i:

Àkànní ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí o wí.
O ní ẹlẹ́sẹ̀ kan kò ní iṣẹ́ láyé.
Ìrókò inú igbó, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?
Ẹsẹ̀ kan ni, gbogbo ẹyẹ ń sùn lórí rẹ̀.
Olú tó hù lẹ́yìn òjò, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?
Ẹsẹ̀ kan ni, ó dé fìlà, ó ń wo ayé.
Ọmọ odó ilé wa, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?
Ẹsẹ̀ kan ni, òun ló ń bọ́ gbogbo wa.
Ọ̀pá tí iṣu ń gùn, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?
Ẹsẹ̀ kan ni, ẹrù ewé kò gbé e ṣubú.
Èmi kò bí ẹsẹ̀, Àkànní ni mo bí.
Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ, gbé e wá fún mi.

Ní ọjọ́ ọjà, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nítòsí ìlú Gouka, lójú ọ̀nà, ni ọkọ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọkùnrin ń tì í, àwọn obìnrin ń já ewé sábẹ́ táyà, Ìyá Gouka ń pariwo mọ́ awakọ̀ pé èlùbọ́ òun ń tutù. Èmi náà já ewé. Ẹrẹ̀ bò mí dé itan. Nígbà tí a tún gun ọkọ̀, mo ní kí n wí ewì mi wò, ẹsẹ ti ọ̀pá iṣu kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn ọmọ odó, ṣùgbọ́n ohun náà ti bọ́ sínú ẹrẹ̀ Gouka. Mo sunkún dé Savalou. Ìyá Gouka rò pé ebi ń pa mí, ó fún mi ní ẹ̀kọ.

Òjò tún ń rọ̀ nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn. Mo dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí a ṣe máa ń ṣe ní lékọ́ọ̀lì, mo ní, “Ìyá Àgbà ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún yín.” Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ti ìrókò, àwọn aláìsàn yòókù ti kọjú sí mi. Nígbà tí mo dé ti olú, Dàá ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń tú u sí Máhì fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò yí padà, ṣùgbọ́n mo rí i pé etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Mo wí ti ọmọ odó tán, mo sì dúró. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí adìẹ kan tó ń gba òjò lábẹ́ igi, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó ká ìkejì mọ́ ikùn. Ẹnu mi ló ṣí fúnra rẹ̀:

Adìẹ tó wà nínú òjò, ẹsẹ̀ mélòó ló ní?
Méjì ni, ó fi ọ̀kan pamọ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo sáré wí ìyókù tán. Bàbá mi yí ojú padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú rẹ̀ tán láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kúrò nílé.

“Adìẹ yẹn,” ó ní, “ta ló ni ín?”

“Ìyá Àgbà ni, sà.”

“Ìyá mi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Adìẹ ìyá mi kì í gba òjò, inú yàrá ni wọ́n ń sùn. Ta ló ni ín?”

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ fún un nípa ọkọ̀, nípa ẹrẹ̀, nípa ẹsẹ tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé yóò bínú. Ó wò mí, ó wo adìẹ lójú fèrèsé, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyá mi dìde kíákíá, ó rò pé ìrora ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà sì ń jáde lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán. Ó wá ní kí n tún un wí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má yọ adìẹ kúrò. Nígbà tí mo dé ìparí, ó bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi ìyá mi léèrè pé, “Kí ni ẹ sè?”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun gbà.

Mo ti di àgbàlagbà báyìí, mo sì ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń bi ara wọn léèrè ohun tí ewì wúlò fún. N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń wo ọgbẹ́ sàn. Ewì kò dá ẹsẹ̀ bàbá mi padà, ọ̀bẹ dókítà ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un ní ìgbà mẹ́ta, òótọ́ náà kò sì rí ibi wọlé. Ìyá rẹ̀ sọ òótọ́ kan náà, ó kàn gbé e gba ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Wọn kò jẹ́ kí n padà sí Bantè kó tó di pé wọ́n gé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá mi lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, èmi sì wà lọ́dọ̀ Bàbá Ràfíù. Ó gbé aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ó tún gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Níkẹyìn ó bo ẹ̀rọ. Ó ní kí n ka ewì náà fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n kà á fún ìyàwó òun. Mo kà á. Mo ti kà á fún aládùúgbò mẹ́rin kí ìyá mi tó dé pẹ̀lú aṣọ orí rẹ̀ lọ́wọ́, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ní, “Ó ti jí. Ó béèrè omi.” Ìyá Ràfíù lọ gbé àkàsà wá, gbogbo wa sì jẹ ẹ́ níbẹ̀, lórí ilẹ̀, láàárín àwọn aṣọ àjákù.

Nígbà tí mo sọ ti adìẹ fún Ìyá Àgbà, ó ní kí n tún un wí. “Adìẹ náà dára ju ọ̀pá lọ,” ó ní. “Jẹ́ kó wà níbẹ̀.” N kò tíì gba ìyìn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, títí dòní. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí mo gun ọkọ̀ láìní ẹrù méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́nu. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsì padà. Bó bá ti rán mi, Dàá á ní kí n dúró ná, kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí àwọn tó wà ní òdìkejì yàrá ń retí tiwọn ní Máhì. Nọ́ọ̀sì gíga náà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ṣe bí ẹni ń ka ìwé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí bàbá mi ṣe tòun náà. Ó ṣe é. N kò rántí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró bàbá mi kò fi í sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí orí poro, á jókòó sórí àpótí níbi tí ibòji wà, á máa hun apẹ̀rẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n á ro oko tiwa bí ó bá kàn wá. Kò sí ẹni tó pè é ní àánú. Wọ́n ní láìsí i níbẹ̀, poro á gùn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí bàbá mi padà dé láti Savalou ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Iṣu tuntun ti jáde. Ọkọ̀ dúró níwájú agboolé wa ní ìyálẹ̀ta, awakọ̀ àti Ìyá Gouka sì gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fi igi méjì sábẹ́ abíyá, ó fara tì wọ́n. Àwọn èèyàn ti pé síbẹ̀. Ìyá Àgbà jáde láti ilé ìdáná, iyán lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Gbogbo wa dúró kó sọ̀rọ̀, nítorí a mọ̀ pé yóò sọ ọ́. Ó ya ẹnu, ohùn kò jáde. Ó fi ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó fi kan èjìká, ó fi kan ìbàdí, ó ń lọ sísàlẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dé ibi tí wọ́n ti so ṣòkòtò ní kókó lábẹ́ orúnkún. Ó di kókó náà mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Bàbá mi ní, “Ìyá mi, ẹ ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí èmi ki yín lónìí.” Ó fi èjìká lé igi dáadáa kó má bàa ṣubú, ó sì ki í, jẹ́jẹ́, kì í ṣe bí ẹni tó wà lóko:

Obìnrin tó jókòó sí Bantè,
tí ohùn rẹ̀ ń jí mi ní Savalou,
oṣù mẹ́sàn-án lo kọ́kọ́ fi gbé mi,
o tún fi ọ̀rọ̀ gbé mi ní ọjọ́ ogbó rẹ.
Ta ló bí ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì bí tìrẹ?

Ìyá Àgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, iyán sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó di apá ọmọ rẹ̀ mú. “Ẹ bu omi wá fún un kó fọ ọwọ́,” ó ní. “Iyán ń tutù.”

A wọlé, a jókòó yí àwo kan náà ká, a jẹun títí àwo fi mọ́.